Akọ́ni àti Akọni: Ọ̀rọ̀ lórí Àwọn Ọkọ̀ Òfurufú Ìkọ́ṣẹ́ Ológun Àtijọ́

   

Ìfáárà

Nígbà tí a kéde orí-ọ̀rọ̀ yìí, ẹlẹgbẹ́ mi kan béèrè pé kí ni ó pa olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá àti ọkọ̀ òfurufú ológun pọ̀. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn mi ni pé àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó pa wá pọ̀. Ẹ kọ akọ́ni kí ẹ fi àmì ohùn òkè sí ààrin rẹ̀: ẹni tí ó ń kọ́ ènìyàn ni. Ẹ yọ àmì náà kúrò: akọni ni ó kù, akíkanjú, ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ yìí láìfi àmì sí i ti pa olùkọ́ pọ̀ mọ́ jagunjagun.

Mo fẹ́ fi hàn lónìí pé irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ìtàn ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ tí ó ja ogun ní ibi tí a gbé e sí, ó sì ní ẹni tí ń sọ ìtàn rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó kọ́ àwọn awakọ̀ wa ní iṣẹ́ kò ní orúkọ lẹ́nu wa. Èrò mi ni pé ìpàdánù ni èyí jẹ́ fún èdè wa àti fún ẹ̀kọ́ wa, àti pé àtúnṣe rẹ̀ kò kọjá agbára wa.

Ohun tí à ń pè ní ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́

Ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ni ọkọ̀ òfurufú tí a ṣe kí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ wà lè fi kọ́ ọ. Ẹ ti rí irú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Bí ẹ bá gba Ọ̀nà Ọba Akran kọjá ní òwúrọ̀, ẹ lè bá ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ pàdé, tí wọ́n lẹ lẹ́tà L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ní búréèkì méjì: ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá. Ti òfurufú ju èyí lọ. Ọ̀pá ìdarí méjì ni ó wà nínú rẹ̀, ibi ìtẹsẹ̀ méjì, ìjókòó méjì. A so ti ọ̀gá àti ti akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ̀n, ọ̀gá yóò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ tirẹ̀. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkọ̀ yìí ni a ṣe kí àgbà lè wà lọ́jà ní tòótọ́, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà sókè.

Bí wọ́n ti ń jókòó yàtọ̀ síra. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bulldog, ọ̀gá àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú L-29 àti Alpha Jet, ọ̀kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn. Nínú Tiger Moth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́kọ́ fò ní 1931, ọ̀gá ni ó ń jókòó níwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ a wà lẹ́yìn, a máa wo ẹ̀yìn orí olùkọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni nínú irú ọkọ̀ wọ̀nyí ní ìtàn tí ó yẹ kí olùkọ́ gbogbo mọ̀. Ní 1917, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Robert Smith-Barry dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Gosport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rọ́bà oníhò gígùn kan ni ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ sí, tí ohùn rẹ̀ ń gbà dé etí akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ohùn ń gbà: ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí. Ṣáájú àkókò Smith-Barry, wọ́n a máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó sá fún ewu. Ó yí i padà. Ó ní kí ọ̀gá mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú ewu náà: kí ó jẹ́ kí ọkọ̀ pòòyì wálẹ̀, kí ó sì kọ́ ọmọ náà bí yóò ti mú un kúrò nínú òòyì. Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní ewì àti ìtàn àròsọ láti ọdún pípẹ́, n kò mọ àpèjúwe iṣẹ́ olùkọ́ tí ó dára ju èyí lọ.

Ìwà méjì ni a sì ń wá lára ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ lè fara da àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́. Kò sì gbọdọ̀ bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó wa Tiger Moth máa ń wí ni pé ó rọrùn láti wà, ó ṣòro láti wà dáadáa. Olùkọ́ tí ó bá ní ìwà méjèèjì yìí kò wọ́pọ̀, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ.

Ìpàtẹ ní Duxford

Ní ìrìn-àjò kan tí mo lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ wo ìpàtẹ ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ ní Duxford, lẹ́bàá Cambridge. Pápá ológun ni Duxford nígbà kan. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ó wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wá nítorí Spitfire, ọkọ̀ ogun tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ni èmi ń wò ní tèmi. Mo rí Tiger Moth tí apá rẹ̀ jẹ́ méjì-méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Mo rí Chipmunk, èyí tí ó kọ́kọ́ fò ní ilẹ̀ Kánádà ní 1946. Mo rí Harvard ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú èyí tí wọ́n ṣe ju 15,000 lọ. A ti gbọ́ Harvard kí a tó rí i, nítorí ṣóńṣó abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ń yára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìró dọ́gba. Òun ni ó ń fa igbe rẹ̀ náà.

Ohun méjì ni mo mú bọ̀ láti ibẹ̀. Èkíní ni pé ẹni tí ó bá lówó lè sanwó kí wọ́n gbé e gòkè nínú Tiger Moth. Ọkọ̀ tí a ṣe láti fi kọ́ni ṣì ń kọ́ni lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ọgọ́rin, ó sì ń bá wọn wá lára owó tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Èkejì ni ohùn olùpolongo. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń gòkè ni ó ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ọdún tí wọ́n ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti ṣiṣẹ́, ẹni tí ó rà á, ẹni tí ó tún un ṣe nígbà tí ó bàjẹ́. Mo wí fún ọ̀rẹ́ mi pé oríkì ni ọkùnrin yìí ń kì. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí ó wà nínú ìwé ni ó ń kà. Ṣùgbọ́n kí ni oríkì orílẹ̀ bí kò ṣe orírun, ibùgbé, iṣẹ́, àti ohun tí ojú ti rí? Mo wá bi ara mi pé: bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ tiwa kan jáde lọ́la, ta ni yóò kì í, èdè wo ni yóò sì fi kì í?

Àwọn akọ́ni tiwa

A kò ṣàìní ohun tí a lè kì. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, òfin kò gbà kí aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1939 ni wọ́n mú òfin náà kúrò nítorí ogun. Ní 1942, ọmọ Èkó kan, Peter Adéníyì Thomas, di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ náà, àkọ́kọ́ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ni ó pa á ní 1945. Ní àkókò ogun kan náà ni wọ́n la pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, èyí tí ó fi ariwo ọkọ̀ sí etí àwọn òbí wa.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹrin, 1964 ni a ń kà sí ọjọ́ ìbí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà. Kí ó tó di ìgbà náà ni wọ́n ti rán àwọn ọ̀dọ́ wa lọ kọ́ṣẹ́ ní Etiópíà, ní Kánádà àti ní Íńdíà. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ni ó wá bá wa tẹ́ ẹgbẹ́ náà dó, ọ̀kan nínú wọn, Gerhard Kahtz, ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ olórí rẹ̀. Kàdúná ni wọ́n fi ṣe ibùdó ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ni Piaggio P.149D, tí àwọn ará Ítálì fi ọgbọ́n wọn yà, tí àwọn ará Jámánì sì ń kàn ní ilé iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Bulldog wá láti Skọ́tíláǹdì ní àwọn ọdún 1970. Alpha Jet, MB-339 ti Ítálì àti L-39 ti Czechoslovakia tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1980. Ní òpin ọdún mẹ́wàá yẹn, ilé iṣẹ́ kan ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀, lórí àpẹẹrẹ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan. Air Beetle ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Lẹ́yìn wọn ni Super Mushshak ti Pakistan dé.

Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ wọ̀nyí. Àfòpiná, ajá, ẹran omi, ẹyẹ òkun: ẹ̀dá abẹ̀mí ni àwọn tí ó kan àwọn ọkọ̀ náà fi ń sọ wọ́n lórúkọ. Àwa náà tẹ̀lé wọn, a sọ tiwa ní orúkọ kòkòrò. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kàdúná ni wọ́n bí ọmọ yìí, orúkọ òyìnbó ni a fún un. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí orílẹ̀-èdè tí ó ní èdè púpọ̀ a máa sá sábẹ́ èdè àjèjì. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú àwọn èdè náà tí òfin ní kí ó má fún un ní orúkọ ìnagijẹ.

Nígbà tí ọkọ̀ di ọ̀kọ̀

Ó ku apá kan ìtàn yìí tí kò dùn ún sọ, ẹni tí ó bá sì fò ó kò ṣòótọ́. Èdè wa tún fi àmì ohùn là á sílẹ̀: ọkọ̀ ni ohun tí a ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ni ohun tí a fi ń gún ènìyàn. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù keje, 1967. Àwọn ará Jámánì kó ẹrù wọn lọ ní ọdún náà. Ìjọba àpapọ̀ ra L-29 láti Czechoslovakia. Ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ni L-29, èyí tí ó kọ́kọ́ fò ní 1959, tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà-Oòrùn Yúróòpù fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Delfín ni orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹran omi tí ó máa ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣeré lójú òkun. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n fi ìbọn àti ohun ìjà kọ́ ọ lápá, wọ́n sì rán an lọ sójú ogun.

Ohun kan náà ni Biafra ṣe. Ní 1969, Carl Gustaf von Rosen, ìjòyè kan láti ilẹ̀ Sweden, kó ọkọ̀ kékeré márùn-ún tí wọ́n ń pè ní MFI-9B wá fún wọn. Ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ ni irú rẹ̀ jẹ́, oníjòkòó méjì, kò tóbi ju bọ́ọ̀sì dánfó lọ títí. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lábẹ́ apá, wọ́n sì fi kọlu pápá ọkọ̀ òfurufú Port Harcourt ní ọjọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún náà. Wọ́n tún rí Harvard tí àwọn ológun Faransé ti lò rí, irú èyí gan-an tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún ní Duxford. Bí akọ́ni ṣe di akọni ní ìhà méjèèjì nìyẹn, tí ó sì pa ọmọ ènìyàn ní ìhà méjèèjì.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun wà ní Umuahia láti 1985. Ọ̀kan nínú àwọn MFI-9B náà wà níbẹ̀ fún ìran. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó gbé e dé ibẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ni. Piaggio tí kò ju òkò lu ẹnikẹ́ni, Bulldog tí ó gbé ọmọ tí ojora mú gòkè ní àárọ̀, tí ó sì gbé e sọ̀ láìfarapa, ta ni ó ń béèrè wọn? Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá pànìyàn nìkan ni a ń rántí rẹ̀, ẹ̀kọ́ wo ni à ń kọ́ ọmọ tí ń wò ó?

Láti Agége wò ó

Agége ni mo dàgbà sí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ń ti àríwá bọ̀ wá balẹ̀ ní Ìkẹjà, orí wa ni ó ń gbà. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé èrò tuntun tí wọ́n fi orúkọ Murtala Muhammed pè ní 1979, ariwo náà pọ̀ sí i, àwa ọmọdé a sì máa sáré jáde lọ juwọ́. Ní ìhà Ṣógunlé, lójú Ọ̀nà Agége, ni ibùdó ológun òfurufú tí wọ́n ń pè ní Sam Ethnan wà. Iṣẹ́ àtúnṣe ni ó pọ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tú àwọn C-130 ńlá palẹ̀ kí wọ́n tó tò wọ́n padà. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé láàrin àwọn tí ń jó irin, tí ń na páànù ọkọ̀, tí ń ta táyà láti Oṣòdì dé Ògbà, a lè rí àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ọkọ̀ òfurufú.

Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé, kò lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní apá, ó ní ìrù, ó ní imú, ó ní ẹsẹ̀, ó ní ikùn. Bí ó ti ń pè wọ́n ni mo rántí àwọn ọlọ́dẹ tí ń sun ìjálá, tí wọ́n ń kì erin àti ẹfọ̀n láti orí dé ìrù. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀. Nígbà tí mo béèrè ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọkọ̀ ogun àti ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́, ó ní èyí tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ní sùúrù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọkọ̀ onísùúrù. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan tí mo mọ̀, kò sì sí ọ̀mọ̀wé tí ó lè jókòó sí ọ́fíìsì kí ó ṣe èyí tí ó sàn jù ú lọ.

Àṣà wa kò fi ìgbà kan kẹ́gàn irinṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ kì í fi owú rẹ̀ ṣeré. Awakọ̀ àtijọ́ a máa bọ Ògún kí ó tó bọ́ sọ́nà. Ní ọjọ́ fíríìdọ́mù, ọmọ iṣẹ́ a kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá a fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, a sì gbàdúrà fún un. Àwọn awakọ̀ òfurufú ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò sọ̀ kalẹ̀, tí yóò ti ilẹ̀kùn, tí yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dá lọ. Níkẹyìn ni wọ́n yóò so àmì ìyẹ́ mọ́ ọn láyà. Bí a bá mọyì irinṣẹ́ télọ̀, kò yẹ kí a kẹ́gàn irinṣẹ́ tí ó kọ́ ọmọ wa ní bí a ti ń rin òfurufú.

Àgbálọgbábọ̀

Mo mọ àtakò tí yóò wáyé. Ẹnì kan yóò ní nígbà tí ebi ń pa ará ìlú, ta ni yóò náwó lórí irin tí ó ti dógùn-ún? Ọ̀rọ̀ gidi ni. N kò bẹ̀bẹ̀ fún ìpàtẹ olówó ńlá, n kò sì ní kí a máa fi ọkọ̀ tí ó ti gbó fò. Ohun mẹ́ta péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkíní, kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ tí ó bá ṣẹ́kù sí abẹ́ òrùlé. Ọkọ̀ tí a gbé ka orí òpó lẹ́nu géètì fún òjò àti oòrùn kò lè pẹ́ lọ títí. Kí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè wọ inú rẹ̀. Bí ọmọ méjì bá jókòó sínú rẹ̀, tí ọ̀kan fa ọ̀pá ìdarí, tí èkejì rí i pé tòun náà ń lọ, wọ́n ti mọ ohun tí olùkọ́ jẹ́.

Èkejì, kí a kọ ìtàn wọn ní kíkún sára wọn. Bí ó bá jẹ́ L-29 tàbí MFI-9B, kí a kọ ọ́ pé ó kọ́ni, kí a sì kọ ọ́ pé ó pànìyàn. Ọmọ tí kò bá mọ̀ pé ọkọ̀ lè di ọ̀kọ̀ kò ní mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun kọ̀.

Ẹ̀kẹta kan Ẹ̀ka wa gan-an. Àwọn tí ó tún ọkọ̀ wọ̀nyẹn ṣe ti ń dàgbà. Bí ọ̀kan bá ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá a lọ. Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, dípò kí gbogbo wọn máa kọ àpilẹ̀kọ lórí ìwé márùn-ún kan náà, mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Ṣógunlé, sí Agége, sí Ògbà, kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí. Kí wọ́n béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe apá kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ àlàjẹ́ tí wọ́n fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọ̀gá kò sí nítòsí. Iṣẹ́ yìí kò ní ju owó bọ́ọ̀sì àti sùúrù lọ, bí a bá sì jẹ́ kí ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sí owó tí yóò lè ṣe é.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn àgbàlagbà ti ṣe tiwọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ó ku tiyín.